Orúkọ Mi Lábẹ́ Àtúnṣe Kíákíá

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án

Kíákíá, orúkọ tí mo sọ ọmọ tuntun ibi iṣẹ́ wa, ti fi àtúnṣe ránṣẹ́. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin ni mo jókòó, tirẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti aago méje àárọ̀. Ta ní ń ṣe irú èyí lọ́jọ́ Ajé?

Inú ń bí mi. Jẹ́ kí n kọ ọ́ bí ẹni tó ń rojọ́ níwájú adájọ́, bóyá ọkàn mi á rọlẹ̀. Ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ wa ń ṣe, ilé ìwòsàn ló ń lọ. Òun ló ń ka bí omi ìwòsàn ṣe ń kán sínú iṣan aláìsàn — tó, tó, tó — òun ló ń dín in kù, òun ló ń fi kún un. Ìsàlẹ̀ pátápátá nínú ẹ̀rọ yẹn ni kánẹ́lì wà. Kóòdù ni, ṣùgbọ́n bàbá kóòdù: òun ló ń sọ fún apá kọ̀ọ̀kan pé ìwọ ṣe tìrẹ, ìwọ dúró ná. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀. Èmi ni mo ń kà á, èmi ni mo ń dán an wò, lẹ́yìn náà ni màá kọ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Bí orúkọ yẹn kò bá sí níbẹ̀, àtúnṣe kankan ò wọlé. Ìyá Géètì ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn. Wọ́n rò pé etí mi di.

Kíákíá dé ní oṣù Kẹrin. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń wo ẹni tuntun kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́ tán. Tirẹ̀ á pé ní ọgbọ̀njọ́ oṣù yìí. Bí àtúnṣe yìí bá wọlé, ó ti di ará ilé nìyẹn. Bí kò bá wọlé — ọ̀nà jìn, kó tètè máa lọ.

Kí ló fi mí ṣe? Ìpàdé àkọ́kọ́ tó bá wa ṣe, wọ́n gbé kóòdù kan sójú ògiri. Ọmọ yìí wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín: "Ta ló kọ eléyìí?" Èmi ni. Gbogbo yàrá kọjú sí mi. Ó ní, "Ẹ má bínú mà, mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni." Mo ní kò burú. Ó burú. Ó ṣì burú títí di òní.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì

Mo ti kà á. Kóòdù kan náà ló tún lọ gbá mú! Kóòdù ìdúró, tó ń sọ fún apá kọ̀ọ̀kan bó ṣe máa dúró pẹ́ tó, tí mo kọ ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn.

Ohun tó sọ nìyí. Òǹkà kan wà nínú kánẹ́lì tó ń fi oókan kún ara rẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò lè máa kà lọ títí ayé, ibi tó ń gbé kéré. Tó bá kún, bí àádọ́ta ọjọ́ ó dín díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n tan ẹ̀rọ, á padà sí òdo, á tún bẹ̀rẹ̀. Kíákíá ní tó bá ti padà sí òdo, kóòdù mi ò ní mọ̀ pé àsìkò ti kọjá. Á máa dúró. Ẹ̀rọ á gan pa.

Ọdún mẹ́rin! Ẹ̀rọ mẹ́jọ ló wà ní yàrá ìdánwò wa, ọ̀kan ò gan rí. Ta ló rí i? Níbo ló ti rí i? Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà tèmi kún àpótí.

Ẹ̀sùn mọ́kànlélógójì ni mo kọ sí i lára. Ìkọkànlá: àlàfo kan wà níparí ìlà kẹrìndínlógójì tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé kò pa ẹnikẹ́ni lára. Mo kọ ọ́.

Èyí tó bí mi nínú jù: òfin wa ni pé ẹni tó bá ní òun wá wo àrùn kan nínú kóòdù, kó kọ àtúnṣe àtijọ́ tó gbé àrùn náà wọlé, àti orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ìlà kan ni. Àrùn náà ti ọ̀dọ̀, àmì méjì, orúkọ. Ó fi í sílẹ̀ lófìfo. Mo bi í léèrè, ó ní, "Mo rò pé ẹ̀yin lẹ máa fẹ́ fi síbẹ̀ fúnra yín ni, mà." Ẹ gbọ́ o. Ó fẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ mi síbi àbùkù.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta

Ó ti tún gbogbo mọ́kànlélógójì ṣe. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹni burúkú. Ìlà yẹn ṣì ṣófo.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin

Mo ní àtúnṣe náà tóbi jù, kó gé e sí mẹ́fà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

Mẹ́fà dé kí n tó bọ́ kóòtù mi. Mo ka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mo ní wọ́n pọ̀ jù, kó so méjì àkọ́kọ́ pọ̀. Ó ní, "Ó rọrùn, mà." Gbogbo nǹkan ló rọrùn lójú ẹ̀. Bó ṣe ń tẹ kííbọ́ọ̀dù, bí ẹni ń gbá eṣinṣin. Ó ń mi ẹsẹ̀ lábẹ́ tábìlì, tábìlì tèmi náà á máa mì.

Mo pa gbogbo ẹ̀rọ yàrá ìdánwò ní aago márùn-ún, bí a ti ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì nítorí ewu iná.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ keje

Àǹtí mi tún bẹ̀rẹ̀. Ilé kan náà la jọ ń gbé láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, nọ́ọ̀sì ni, kò sì sí ọjọ́ ìsinmi tí kò ní bá mi jà lórí ẹ̀rọ wa, bí ẹni pé èmi nìkan ni mo fi orí rù ú dé wọ́ọ̀dù wọn. "Ọ̀kan nínú ẹ̀rọ yín tún ti dákẹ́ o. Ojú ẹ̀ ń wò wá, kò sọ nǹkan kan." Mo ní iná ilé ìwòsàn yín ni. Ó ní ṣé iná ló ń dá ẹ̀rọ kan ṣoṣo yàn láàárín mẹ́wàá? Mo ní kí wọ́n pa á kí wọ́n tún un tàn. Ó ní, "Ìyẹn la máa ń ṣe, ìwọ ọmọ yìí. Ohun tí mò ń bi ẹ́ ni pé kí ló dé tó fi ń dákẹ́?"

Mo gbé abọ́ lọ sí ìdí omi. Ọjọ́ ìsinmi mi nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ

Ìpàdé. Ọ̀gá Bẹ́lítì — bí ọ̀rọ̀ bá ti le báyìí, á fa bẹ́lítì rẹ̀ sókè — ní òun fẹ́ kí àtúnṣe Kíákíá wọ ẹ̀dà tuntun kí oṣù tó parí. Ọ̀gbẹ́ni Wáyà, tó ń mójú tó ẹ̀ka tó ń so ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ra, ní òun ti kà á, ó dáa. Ta ló bi í?

Mo ní kíkà kọ́ ni dídán wò. Mo ní ẹ jẹ́ kí n dán an wò ná.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Ó GAN!

Mo fẹ́ rọra sọ ọ́. A ò lè jókòó ti ẹ̀rọ fún àádọ́ta ọjọ́. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá fẹ́ tàn, mo máa ń ti òǹkà yẹn síwájú kó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kó kún. Mo da kánẹ́lì Kíákíá sínú Ọ̀lẹ. Ọ̀lẹ ni mo sọ ẹ̀rọ kẹta nítorí pé ó máa ń pẹ́ kó tó jí. Mo tàn án. Mo gbé tíì sọ́wọ́. Ìṣẹ́jú kan, méjì, mẹ́ta. Ní ìṣẹ́jú karùn-ún, iná ojú rẹ̀ dúró sójú kan, omi inú ike ìdánwò ò kán mọ́. Mo tẹ bọ́tìnnì. Òkúta.

Mo jó. Èmi àgbàlagbà yìí, nínú yàrá tí kò sí ẹnikẹ́ni, mo jó yí Ọ̀lẹ po. Ẹni tó ní òun wá wo àrùn, òun gan-an ló gbé àrùn wá. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹfà. Lẹ́ẹ̀mẹfà, ó gan.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

Mo fi àbọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn. Mo lè fi sí òun nìkan. Gbogbo ènìyàn ni mo fi sí.

Ó wá sídìí tábìlì mi. Ó ní lórí ẹ̀rọ tòun, kì í gan. Gbogbo aláṣìṣe ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ṣé mo lè fún òun ní àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ kọ láti ìlà àkọ́kọ́. Mo ní ogún ìlà ìkẹyìn ti wà nínú àbọ̀ mi, ibi tó kú sí nìyẹn, kí ló tún fẹ́ fi ìbẹ̀rẹ̀ ṣe? Ó wá rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ ti dán ti àtijọ́ wò lọ́nà kan náà?"

Mo bi í bóyá ó fẹ́ máa kọ́ mi níṣẹ́ ni. Gbogbo tábìlì tó yí wa ká ló gbọ́. Ó ní rárá mà. Ó padà lọ jókòó.

Kí n dán ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ wò! Ohun tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́rin!

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀rọ omi, òun àti Ọ̀gbẹ́ni Wáyà. Mo wọlé, ẹ̀rín dá. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju eéje lọ. Mo bu omi mi, mo mu ún tán níbẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n lè dúró pẹ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ẹ̀dà kẹrin àtúnṣe Kíákíá dé. Mo da á sínú Ọ̀lẹ, mo ti òǹkà síwájú. Ó gan. Lẹ́ẹ̀mẹfà mìíràn. Méjìlá nínú méjìlá.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ọ̀gá Bẹ́lítì pè mí sí ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní, "Mà, ọmọ yẹn já fáfá. Ṣé ó dá yín lójú?" Mo ní ó dá mi lójú bí mo ṣe jókòó sórí àga yìí. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun ò ní lè gbà á dúró, nítorí pé orí àtúnṣe yìí lòun gbé gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ lé. Mo ní ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé mi ò fọwọ́ sí i. Mo kọ ọ́. Ìlà mẹ́ta. Mi ò ṣi ọ̀rọ̀ kankan kọ.

Mo jáde, mo lọ ra búrẹ́dì olóyin tó wọ́n yẹn. Inú mi dùn. Ìwé yìí nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún: inú mi dùn gan-an.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún

Wọ́n ní kó má padà wá lọ́jọ́ Ajé. Ó to ìwé rẹ̀ sínú báàgì, ó nu tábìlì rẹ̀ pẹ̀lú tíṣù, ó nu abẹ́ kííbọ́ọ̀dù pàápàá. Ó kí gbogbo ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé ọ̀dọ̀ mi: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ó dàárọ̀." Mo ní ó dàárọ̀. Mi ò gbójú sókè. Ìgbà tó ti jáde tán ni mo tó rí i pé ojú ìlà kan náà ni mo ti ń wò láti àárọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ogúnjọ́

Mo sùn dáadáa. Mi ò rí ìdí tí mi ò fi ní sùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀.

Aago mẹ́ta ọ̀sán ni mo dé ilé, nítorí mo lọ wo eyín. Àǹtí mi ti dé ṣáájú mi, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò jẹun. Kò bọ́ bàtà. Ó ní bàbá àgbàlagbà kan wà ní wọ́ọ̀dù àwọn, ẹni pẹ̀lẹ́ tí kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Omi tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dúró dáwọ́ dúró ní aago méje àárọ̀. Ẹ̀rọ ò ké. Ẹ̀rọ ò pariwo. Ojú rẹ̀ ṣì ń tàn bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Aago mẹ́sàn-án ni Àǹtí mi fọwọ́ kan bàbá yẹn, ó tutù bí ògiri. Wọ́n sáré. Bàbá náà padà bọ̀ sípò, ọpẹ́ ni. Ọpẹ́ ni, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi.

"Ìwọ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ tẹ́ ẹ jókòó sínú fẹ́ẹ̀rẹ́ afẹ́fẹ́! Wò ó! Wò ó dáadáa!" Ó na fóònù sí mi lójú. Ó ya ojú ẹ̀rọ náà kí wọ́n tó pa á.

Mo wò ó. Ìlà ìkẹyìn tó wà lójú ẹ̀rọ náà, mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo kọ ọ́ sínú àbọ̀ tí mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn. Ọ̀rọ̀ kan náà. Nọ́ńbà kan náà.

Kánẹ́lì Kíákíá ò dé ilé ìwòsàn kankan rí. Kò kúrò nínú yàrá wa rí.

Mo bi í pé ìgbà wo ni wọ́n pa ẹ̀rọ yẹn kẹ́yìn. Ó ní, "Ta ní ń pa ẹ̀rọ tó wà lára aláìsàn?" Ó ní ọjọ́ tí wọ́n kó wá sí wọ́ọ̀dù tuntun ni wọ́n tàn án, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹjọ. Mo fi ìka kà á lábẹ́ tábìlì. Àádọ́ta ọjọ́ ó dín wákàtí díẹ̀.

Ó ní, "Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?" Mo ní eyín ń dùn mí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Aago méje àárọ̀ ni mo wọ yàrá ìdánwò. Mo ṣí àkọsílẹ̀ Ọ̀lẹ, ti ọjọ́ kẹsàn-án. Láti ìlà àkọ́kọ́.

Ìlà àkọ́kọ́ ni kánẹ́lì máa ń fi sọ orúkọ ara rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n kọ́ ọ. Oṣù Kọkànlá ọdún tó kọjá ló wà níbẹ̀. Kì í ṣe ti Kíákíá. Ti àtijọ́ ni. Tèmi.

Mo ṣí àkọsílẹ̀ mìíràn, èyí tí ẹ̀rọ máa ń kọ kí kánẹ́lì tó dìde: kánẹ́lì tuntun kò pé, mo padà sí ti àtijọ́. Ibi ìpamọ́ Ọ̀lẹ ti kún. Kí ló kún un? Àkọsílẹ̀ ìdánwò mi láti ọdún méjì tí mi ò kó dànù. Ìdajì kánẹ́lì Kíákíá ló ráyè wọlé, ìyókù dà sẹ́yìn. Ẹ̀rọ wò ó, ó rí i pé kò pé, ó rọra gbé ti àtijọ́ dìde kí aláìsàn má bàa ṣaláìní. Ìyẹn gan-an ló sì ń jẹ́ kó pẹ́ kó tó jí! Èmi ni mo dábàá pé kó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n fún mi ní ìwé ìyìn lórí ẹ̀.

Lẹ́ẹ̀mejìlá. Lẹ́ẹ̀mejìlá ni mo dán ara mi wò, mo sì ń jó.

Èmi tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tuntun pé: ẹ ka àkọsílẹ̀ láti òkè, òkè ni irọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Mo kó pàǹtírí inú Ọ̀lẹ dànù. Mo da kánẹ́lì Kíákíá sínú rẹ̀ lákọ̀tun. Mo wo ìlà àkọ́kọ́: orúkọ rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀. Mo ti òǹkà síwájú. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá, omi ń kán. Mẹ́wàá, omi ń kán. Mo jókòó tì í fún wákàtí méjì, mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gan. Bẹ́ẹ̀ ni, mò ń bẹ̀ ẹ́. Kò gan.

Mo dá ti àtijọ́ padà. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Òkúta.

Ní yàrá wa, ọjọ́ Ẹtì la ń pa ẹ̀rọ. Kò sí ẹ̀rọ wa tó ka òǹkà kọjá ọjọ́ márùn-ún rí. Ọdún mẹ́rin tí mo fi ń yangàn, ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni.

Ojú tì mí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mi ò ní purọ́ fún ìwé yìí. Mo rò ó. Kò sí ẹni tó mọ̀. Kíákíá ti lọ. Mo lè gbé àtúnṣe rẹ̀, kí n yí i díẹ̀, kí n pè é ní tèmi, kó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, kí gbogbo ẹ̀rọ yè, kí gbogbo ènìyàn sì sọ pé Ìyá Géètì tún ti ṣe é. Mo tilẹ̀ ṣí fáìlì tuntun. Mo kọ ìlà méje.

Ìlà méje yẹn burú ju tirẹ̀ lọ. Tirẹ̀ mọ́. Tirẹ̀ dáa gan-an. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti rí i pé ó dáa, ìyẹn ló ń bí mi nínú.

Àǹtí mi bi mí lórí tíì: "Ṣé ẹ ti mọ ohun tó ṣe é?" Mo ní à ń wò ó, mà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo ti fi ránṣẹ́. Sí gbogbo ènìyàn, bí mo ṣe fi àbọ̀ ọjọ́sí ránṣẹ́.

"Láti ọjọ́ kẹsàn-án tí mo ti ń dán àtúnṣe yẹn wò, kánẹ́lì àtijọ́ ni mò ń dán wò. Ibi ìpamọ́ ti kún, mi ò sì wo ìlà àkọ́kọ́. Ohun tó ń gan, èmi ni mo kọ ọ́. Ó ti ń gan ní ilé ìwòsàn, àwọn nọ́ọ̀sì ti ń sọ fún mi, mo ní iná ni. Àtúnṣe yẹn ló wò ó sàn. Ẹni tí ẹ ní kó máa lọ nítorí ọ̀rọ̀ mi kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìlà tó fi sílẹ̀ lófìfo, mo ti kọ orúkọ mi sí i."

Ọ̀gá Bẹ́lítì sáré dé. Bẹ́lítì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àyà. "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi kọ ọ́ sí gbogbo ènìyàn, mà? Ẹ ì bá kọ́kọ́ sọ fún mi!" Mo ní bí mo bá sọ fún un, á ní kí n má kọ ọ́. Mo ní kó kọ̀wé sí gbogbo ilé ìwòsàn lónìí, kí wọ́n máa pa ẹ̀rọ kí wọ́n tún un tàn ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí ẹ̀dà tuntun á fi dé, kí wọ́n sì kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ mìíràn sí aláìsàn lára kí wọ́n tó pa á. Ó jókòó, ó kọ ọ́ lójú mi. Ó wá ní láti oṣù tó ń bọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Wáyà ni yóò máa ṣọ́ géètì. Àtúnṣe Kíákíá nìkan ló kù tí màá fọwọ́ sí.

Ó tọ́ sí mi. Ó sì dùn mí. Méjèèjì.

Kí ó sì wà lákọsílẹ̀: mo ṣì kórìíra bó ṣe ń tẹ kííbọ́ọ̀dù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo sọ fún Àǹtí mi. Gbogbo rẹ̀, títí kan ijó. Ó ń ṣẹ́ aṣọ po, kò dáwọ́ dúró. Ó ṣẹ́ tówẹ́ẹ̀lì mẹ́rin kó tó sọ̀rọ̀. "Òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní, "Má pè mí ní mà. Wọ́n ti fún nọ́ọ̀sì kékeré tó wà lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ní ìwé ẹ̀sùn. Wọ́n ní ó sùn. Kò sùn. Ọmọ yẹn ń sunkún láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ta ló máa kọ̀wé tìyẹn?"

Mo kọ ọ́ kí ó tó ṣẹ́ aṣọ tán. Ó mú un lọ́wọ́ mi, ó kà á, ó fi sínú báàgì iṣẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Mo pe Kíákíá. Kò gbé e. Mo kọ lẹ́tà sí i: mo tọrọ àforíjì, mo ní Ọ̀gá fẹ́ kó padà wá, mo ní àtúnṣe rẹ̀ máa wọlé lọ́la pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lókè. Mo ní èyí ni ìkẹyìn tí màá fọwọ́ sí, inú mi sì máa dùn kó jẹ́ tirẹ̀. Mo pa gbólóhùn yẹn rẹ́, mo tún un kọ. Òótọ́ ni.

Kí èsì tó dé, mo ti kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀: Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, orúkọ mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọgbọ̀njọ́

Èsì dé ní aago mẹ́jọ.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Mo rí lẹ́tà yín. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá, mo ti ríṣẹ́ síbòmíràn. Ẹ fi àtúnṣe náà wọlé, kó tètè dé ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orúkọ yín sí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ò yẹ̀ ẹ́ wò, mà. Èmi lẹ ń yẹ̀ wò."

Mo kà á lórí ìdúró. Inú bí mi, bíi ti tẹ́lẹ̀ — ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Mo jókòó, mo tún un kà. Mo wá ibi tí ó ti purọ́. Mi ò rí i.

Mo pa orúkọ mi rẹ́. Lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn ni mo fi pa á, mi ò mọ̀dí. Mo gbé àga mi lọ sí ọ̀dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Wáyà, mo ní kó bá mi kà á. Ó ní ṣebí òun ti kà á rí. Mo ní kó tún un kà, láti ìlà àkọ́kọ́. Wákàtí kan ààbọ̀ ló fi kà á, mo jókòó tì í. Ó kọ orúkọ tirẹ̀.

Ó wọlé ní aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́fà. Orúkọ Kíákíá lókè, ti Wáyà nísàlẹ̀. Tèmi wà láàárín, níbi tí àrùn ti wá.